Owó tó ń dá èèyàn padà sẹ́wọ̀n

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ̀lé àwọn tí kóòtù kò rán lọ sẹ́wọ̀n. Káúńtì kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kan, níbí ní Amẹ́ríkà ló gbà mí síṣẹ́. Bí wọ́n bá mú èèyàn torí pé ó jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí wọ́n bá oògùn olóró díẹ̀ lápò rẹ̀, tàbí ó jà níta ilé ọtí, agbẹjọ́rò ìjọba lè ní kí wọ́n má tì í mọ́lé, kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Á bá wa ṣe àdéhùn pé òun yóò gba ìtọ́jú, òun yóò ṣe iṣẹ́ ìlú fún iye wákàtí kan, òun yóò máa wá rí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá mọ́ ní gbogbo àkókò náà. Tó bá ṣe é parí, wọ́n á fagi lé ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ṣé kì í ṣe pé à ń kẹ́ ọ̀daràn báyìí. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Nínú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé àwọn káúńtì jákèjádò Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi rárá. Ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ torí pé wọn ò rówó béèlì san. Ọjọ́ mẹ́ta nínú àtìmọ́lé ti tó kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi wákàtí gbowó. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 lórí ẹjọ́ àwọn ará Philadelphia àti Miami fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ẹjọ́ wọn tó parí kì í sáré gbà pé àwọn jẹ̀bi bíi ti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé, àti pé àwọn ló tún máa ń rí iṣẹ́ gidi ṣe lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwà ọ̀daràn dínkù ní láti ro ìyẹn dáadáa.

Ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìyẹn. Owó ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn aránbàtà kan tó ń jẹ́ John Augustus fún yín, torí pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ó wà ní kóòtù kan ní Boston nígbà tí wọ́n mú ọ̀mùtí kan wọlé, tí aṣọ ara rẹ̀ ti di àkísà. Kí wọ́n tó dájọ́ rẹ̀, Augustus bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní bí wọ́n bá lè yọ òun nínú ẹ̀wọ̀n, òun ò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Aránbàtà yìí dúró fún un, ó mú un lọ, ó sì ní kó fọwọ́ síwèé pé òun kò ní mutí mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n padà sí kóòtù. Ọkùnrin náà ti yàtọ̀ débi pé ẹni tó rí i tẹ́lẹ̀ kò lè gbà pé òun náà ni. Dípò ẹ̀wọ̀n, adájọ́ bu owó ìtanràn lé e: sẹ́ǹtì kan péré, pẹ̀lú owó kóòtù.

Augustus fúnra rẹ̀ ló kọ àkọsílẹ̀ yìí, ó sì kọ àpapọ̀ owó náà sílẹ̀: dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 76. Mo ti ka gbólóhùn yẹn láìmọye ìgbà. Sẹ́ǹtì kan ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 75 yòókù, owó kóòtù ni. Wọ́n san án lójú ẹsẹ̀ o, kò sì sí wàhálà. Àmọ́ tí kò bá rí i san ńkọ́?

Kó tó kú lọ́dún 1859, Augustus ti dúró fún àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, lọ́kùnrin lóbìnrin. Inú àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù kan kò dùn sí i, torí pé wọ́n máa ń gbowó lórí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú lọ sẹ́wọ̀n, aránbàtà yìí sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọdún 1878 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣòfin pé kí ìjọba máa sanwó fún ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe.

Lóde òní, ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí wọ́n yọ nínú ẹ̀wọ̀n ló ń sanwó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ń sanwó ìwọlé. Ó ń sanwó ìṣọ́ lóṣooṣù. Ó ń sanwó àyẹ̀wò ìtọ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kó wá tọ̀. Ó ń sanwó ẹ̀kọ́ tí kóòtù ní kó lọ kọ́, tí wọ́n bá sì de ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ó lè máa san owó ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fún wọn ní ìwé owó náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá, mo sì máa ń rí i bí ojú wọn ṣe ń yí padà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ṣe gbogbo ohun tí a ní kó ṣe. Kò pa kíláàsì kan jẹ. Gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ ló mọ́. Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n fún un, ó ṣe ju wákàtí tí wọ́n kọ lọ torí pé ó fẹ́ràn àwọn arúgbó tó ń bá gbálẹ̀. Owó ló kù. Torí pé owó kù, wọn kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parí, wọ́n bá fi oṣù kún oṣù rẹ̀. Oṣù tí wọ́n fi kún un náà ní owó tirẹ̀. Ó wá ń gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán kó lè rí i san, nígbà tó yá, iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kó lè wá sí ìpàdé wa. Wọ́n kọ̀wé pé kí ọlọ́pàá mú un.

Mo ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí adájọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó kọ̀ láti wá sí ìpàdé. Ẹnikẹ́ni tó bá ka fáìlì yẹn lẹ́yìn ọ̀la yóò sọ pé a fún un láǹfààní, ó sì fọwọ́ dà á nù. Bí àwọn tó ń ṣírò iye ẹni tó ń já níbi ètò wa bá dé, lára àwọn olórí kunkun ni wọ́n máa kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi bò.

Òfin ti sọ̀rọ̀ sí i tipẹ́. Lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ará Georgia kan, Danny Bearden. Kóòtù kò rán an lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n ní kó san dọ́là 750, owó ìtanràn àti owó tí yóò fi tu ẹni tó ṣẹ̀ nínú. Ó yá dọ́là 200 lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san ìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́. Kò mọ̀wé kà, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí dọ́là 550 tó kù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà ní ìyẹn kò bófin mu: adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ńṣe ni ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san, kó sì wo ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹ wá wo bó ṣe ń rí lójú mi. Kóòtù kún, wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi èèyàn lójú gbogbo ayé pé, “Ṣé wàá lè san án?” Ìtìjú á mú un, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á kọ bẹ́ẹ̀ ni sílẹ̀. Nítorí èyí, mo ti ń sọ fún àwọn tèmi pé kí wọ́n má lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n mú ìwé owó oṣù àti ìwé owó ilé lọ́wọ́. Àti pé tí ètò bá wà lábẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, wọ́n lè yọ èèyàn kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí adájọ́ rárá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá sọ pé irú ètò báyìí kò wúlò. Ó wúlò. Ní New York, àwọn olùwádìí kan yí ìwé ìpè kóòtù padà kí ọjọ́ àti àkókò lè hàn kedere lókè. Àwọn tí kò yọjú dínkù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn èèyàn láti rán wọn létí, àwọn tí kò yọjú tún dínkù ní ìdá 21. Ìwádìí yẹn jáde lọ́dún 2020. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán o! Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní ìsáǹsá, wọ́n gbàgbé ni, tàbí ọ̀gá wọn kò fún wọn láyè.

Red Hook, àdúgbò kan ní Brooklyn ní New York, náà ń wù mí. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti sọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan níbẹ̀ di kóòtù àdúgbò. Adájọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí oògùn olóró wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà ń lọ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ rí olùtọ́jú kàn lè gun àtẹ̀gùn lọ bá a ni, kò ní wá owó bọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì ìlú. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013 ní àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí àwọn ti kóòtù lásán nínú pípadà dẹ́ṣẹ̀, ti àwọn ọmọdé sì tó ìdá 20.

Ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Bí èèyàn bá fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, kó san án, èmi náà fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, owó ètò ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ nínú gbogbo ohun tí ẹni náà bá san. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù á máa dúró, ọ́fíìsì á sì ti gba tirẹ̀. Mo ti kọ̀wé lórí ìyẹn sí ọ̀gá wa, mo sì ní kí wọ́n yí i padà kí owó oníṣọ́ọ̀bù ṣáájú.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ilẹ̀ yìí, bí ọ̀rọ̀ báyìí bá kan ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ìdùnnú pé kò ní ṣẹ̀wọ̀n jẹ́ kẹ́ ẹ yára fọwọ́ síwèé. Ẹ bi lọ́yà pé èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti pé ìwé wo ni èèyàn lè kọ láti ní kí wọ́n dín owó náà kù. Tí ọmọ náà kò bá tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn ètò kan máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ gbà pé òun jẹ̀bi. Kóòtù lè fagi lé ẹjọ́ náà tó bá yá, ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀lú lè ṣì kà á sí ìdálẹ́bi, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ dá a padà sílé. Ẹ rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú kí ọmọ tó la ẹnu rẹ̀.

Láìpẹ́, ìgbìmọ̀ káúńtì wa yóò jókòó lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì ń fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ bi wọ́n: èèyàn mélòó ni a yọ kúrò nínú ètò yìí nígbà tó jẹ́ pé owó nìkan ló kù tí kò tíì san, àti pé èló ni a ń ná láti ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́lé lẹ́yìn náà.