Láti Párísì dé Sens nínú Facel Vega HK500

Ẹ tètè jáde ní Párísì kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú Sens kò kúkú jìnnà, nǹkan bí 120 km ni. Ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ti ilé iṣẹ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà tó wà nínú HK500, ọkọ̀ Faransé àtijọ́ yìí, ni kì í fẹ́ dúró sójú kan. Lítà 5.9 ni ti ọdún 1958, wọ́n sì sọ ọ́ di 6.3 lẹ́yìn náà, inú ibi tóóró sì ni wọ́n há a sí. Bí atẹ́gùn kò bá fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ooru á sì wọlé wá bá ẹsẹ̀ awakọ̀. Òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni kí ẹ yẹ omi wò.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 1215 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2015. Irú ọkọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà ojú táyà lè dà bí tuntun kí rọ́bà rẹ̀ sì ti sán. Epo bẹntiróòlù SP98 ni kí ẹ rà, ẹ má ra E10, torí ẹtanọ́ọ̀lù (ọtí líle) tí wọ́n pò mọ́ ọn máa ń jẹ páìpù rọ́bà àtijọ́. Ọkọ̀ náà lè mu lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 100 km.

Lẹ́yìn Fontainebleau, ẹ fi ọ̀nà márosẹ̀ A6 sílẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà D606. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti ráyè wo dáṣíbọọdù tó jọ pákó olówó iyebíye. Irin ni o, ọ̀dà ni wọ́n fi ọwọ́ kùn ún.

Iṣẹ́ Jean Daninos nìyẹn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Facel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ń ṣe bọ́dì fún Simca, Panhard àti Ford ilẹ̀ Faransé kó tó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1954. Owó orí tí ìjọba Faransé ń gbà lórí ẹ́ńjìnnì ńlá lẹ́yìn ogun ti lé àwọn tó ń ṣe é kúrò nídìí rẹ̀, ni Daninos bá lọ ra ti Amẹ́ríkà. Àǹfààní rẹ̀ ṣì ń jẹ yín lónìí: gásíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ńpù omi àti kábúrétọ̀ Carter, gbogbo rẹ̀ ni ẹ lè rà láti Amẹ́ríkà láìsí wàhálà. Gíláàsì iwájú tó tẹ̀ yí ká àti bọ́ńpà irin tí kì í dípẹtà ni ìṣòro. HK500 tí wọ́n ṣe kò tó 500, ta ni yóò kó páàtì bọ́dì rẹ̀ pamọ́? Nítorí náà, ẹ jìnnà sí ẹ̀yìn tírélà tí táyà rẹ̀ ń ta òkúta sẹ́yìn.

Bíréèkì ńkọ́? Ti ìlù (drum) ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ọkọ̀ náà sì wúwo ju 1,600 kg lọ. Bí ìlù bá gbóná, ẹ ó tẹ bíréèkì títí, kò ní mú. Ẹ fi gíà dín eré kù kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èyí tó ní bíréèkì dísìkì Dunlop ló tẹ́ wa lọ́rùn. Bí gíà bá jẹ́ TorqueFlite, ọtomátíìkì oníbọ́tìnnì ti Chrysler, kò ní Park tó ń de ọkọ̀ mọ́lẹ̀: ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi nǹkan há táyà.

D606 gba Villeblevin kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé Albert Camus, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957, ti kú ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1960. FV3B, Facel Vega kan tó ṣáájú HK500, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Michel Gallimard fi ń gbé e lọ tó fi kọlu igi ẹ̀gbẹ́ títì, òun náà sì kú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìrántí Camus wà nínú abúlé.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Facel fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, lítà 1.6, sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Facellia. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: pístìnì ń jóná, àwọn oníbàárà ń dá ọkọ̀ padà, gbèsè ń ga. Ní 1964, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Bí ẹ bá jẹun tán ní Sens tí ẹ́ńjìnnì kò jí, epo ló ti hó nínú kábúrétọ̀. Ẹ má máa tẹ tọ́tù léraléra. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò bí ẹ bá ń sítáàtì rẹ̀.