Ìràwọ̀ kan péré

Ẹ gbà mí o, ìràwọ̀ kan, àmì * yìí, ló fi mí jókòó di aago méjì òru àná. Mo kọ fọ́ńṣọ̀n kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó lórúkọ, ní Python, èdè tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, def apapo(*owo), kó lè gba iye yòówù téèyàn bá jù sí i kó sì rò wọ́n pọ̀, mo dán apapo(500, 200, 50) wò, 750 jáde, inú mi ń dùn. Mo wá kó owó ọjà sínú list, ìyẹn àkójọ kan ṣoṣo tí mo pè ní oja, mo kọ apapo(oja), ló bá figbe ta pé òun ò lè ro int, ìyẹn nọ́ńbà odidi, mọ́ list. Àṣé odindi list yẹn ló kà sí ẹyọ kan, bí ìgbà téèyàn gbé àpò gàrí fún ẹni tó fẹ́ fi kóńgò wọ̀n ọ́n, láìtú ẹnu ẹ̀. apapo(*oja) ló yẹ kí n kọ! Ìràwọ̀ tó ń kó wọn jọ nídìí def lọ́hùn-ún náà ló ń tú wọn ká níbí, ta ló ronú irú ẹ̀ ná?