Iṣẹ́ Tí Ẹlòmíràn Máa Lò

Ìlọrin, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Sẹmẹ́sítà tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti ń to iṣẹ́ tí wọ́n máa fún akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ẹ kọ ojú ìwé márùn-ún, ẹ fi PDF ránṣẹ́ kí aago méjìlá òru tó lù. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, fáìlì á ya wọlé gìrọ́gìrọ́, èyí tó pọ̀ nínú wọn á sì jọra bí ìbejì. Olùkọ́ á fún wọn ní máàkì, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò tún ní ṣí i mọ́, títí kan ẹni tó kọ ọ́. Nínú kíláàsì ojúkojú, ó kéré tán, àríyànjiyàn wà, ẹ̀rín wà, èèyàn á rántí ìyẹn. Lórí fóònù, bí iṣẹ́ ò bá ní ibi tó ń lọ, kò sí nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ á mú dání.

Nítorí náà, ta ló máa lò ó? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú. Bóyá Canva ni ká lò tàbí Padlet, àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn lè dúró ná. Irinṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú olùkọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń dùn ún wò tí kò sì wúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé ìyá tó ń ta gààrí máa rí iye owó tí òun kọ sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.

Máàpù iye owó oúnjẹ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ó bá ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé mu, ó bá iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìṣirò mu. Akẹ́kọ̀ọ́ 4 ni ẹgbẹ́ kan, ọjà 3: Ọjà Ọba, Ìpàtà àti Ọjà Tuntun. Ẹni tó bá wà nílé ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè mú ọjà ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èrè kan nìyẹn tí kíláàsì ojúkojú ò ní. Nǹkan 5 péré ni kí wọ́n máa béèrè: gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo, epo pupa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, ní wákàtí kan náà, torí owó àárọ̀ kì í ṣe owó ìrọ̀lẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà ọrọọrún, bí ọ̀pọ̀ ìlú Igbómìnà, ẹ má sọ pé "gbogbo Ọjọ́bọ̀". Ọrún kò bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn. Lọ́sẹ̀ yìí Ọjọ́bọ̀ lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó bọ́ sí ọjọ́ tí ọjà dá wáí. Ọjọ́ ọjà gan-an ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀.

Orí kóńgò ni iṣẹ́ yìí ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọlọ́jà kan á wọn ọ́n kó gorí, òmíràn á fi ọwọ́ gé e pẹrẹsẹ. Ẹlòmíràn á ti tẹ ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú, ẹni tó ń ná ọjà déédéé mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn kọ "kóńgò gààrí" ti fi nǹkan méjì tí kò dọ́gba wéra. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra kóńgò kan ní ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí wọ́n kọ gíráàmù rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, owó kílò kan ni wọ́n á máa fi wéra. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń lo múdù, òṣùwọ̀n míì bíi kóńgò, á ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Epo pupa yàtọ̀ o: lítà ni tirẹ̀, ìgò sì ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Google Sheets ni kí wọ́n máa tẹ ẹ́ sí, òpó 7: déètì, ọjà, nǹkan, òṣùwọ̀n, owó, latitude, longitude (nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé). Ẹni tó bá tẹ "N1,200 only" ti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀, ìwé náà ò ní lè rò ó pọ̀. 1200 ni kó tẹ̀; kí náírà wà lórí àkọlé. Déètì náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ìwé náà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, á ka 3/4 sí ọjọ́ 4 oṣù kẹta, á sì ka 25/3 sí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wọ File, ẹ wọ Settings, ẹ yí Locale sí United Kingdom kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, Google My Maps, tí èèyàn fi ń ya máàpù tirẹ̀. Orí búráúsà ni wọ́n ti ń ṣe é, bó bá jẹ́ fóònù, kí wọ́n tan "Desktop site". Wọ́n á kó shíìtì náà wọlé, wọ́n á sì tọ́ka sí òpó tí ibi kọ̀ọ̀kan wà. Ìpele (layer) kan nínú máàpù gba ìlà 2,000. Ẹgbẹ́ kan kò ní ju 90 lọ, àyè gba wọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí wọ́n gbé longitude sípò latitude. Ìlọrin wà ní nǹkan bí 8.5 sí àríwá, 4.5 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá yí i padà, Ọjà Ọba á fò lọ sí etí òkun ní agbègbè Bakassi. Ìyẹn kì í kúkú ṣe ìṣòro, ojú lásán ló ń rí i. Èyí tó burú ni àmì tó fi òpópónà méjì péré ṣìnà, nítorí náà, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ dúró lọ́jà, kó tẹ ojú ibi tó wà lórí Google Maps mọ́lẹ̀, kó da nọ́ńbà náà kọ.

Ọlọ́jà ò ní ṣí máàpù. Àwòrán kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, nǹkan 5 àti iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà 3, kí wọ́n fi sí WhatsApp ìdílé àti ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé, torí ẹnìkan á fèsì pé, "Irọ́ ni, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á nìyẹn." Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa wá ẹ̀rí.

Iṣẹ́ kejì tó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ni gbígba ohùn èèyàn sílẹ̀. Mo fara mọ́ ohùn ju fídíò lọ níhìn-ín. Ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p lè gba MB 60 sí 130. Ìṣẹ́jú 3 ohùn MP3 (mono, ní 64 kbps) kò ju MB 1.5 lọ. Ẹni tó ń ka dátà rẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dáda, ní Òkèlele, Ìlọrin. Ìṣẹ́jú 3 tó lórí bí amọ̀ ṣe ń di ìkòkò, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́, wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò àti fún ọmọ ilé-ìwé. Ìyọ̀ǹda ló ṣáájú: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ ilé-ìwé la wá ṣe. Ṣé ẹ máa jẹ́ ká gba ohùn yín sílẹ̀, ká sì fi síta fún àwọn èèyàn láti gbọ́?" Kí wọ́n gba ìdáhùn náà sílẹ̀. Bí ìyá bá ní rárá, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n kọjá.

Kí fóònù wà ní airplane mode, torí ìpè kan lè dá gbígba ohùn dúró lójijì. Kó jìnnà sí ẹnu tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn fóònù sí atẹ́gùn, kí wọ́n fi áńkáṣííkì fẹ́lẹ́ bo ẹnu máìkì. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n gba ìró àyíká nìkan fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Nígbà tí wọ́n bá ń gé ohùn nínú Audacity, ìró yìí ni wọ́n á fi dí àlàfo. Láìsí i, etí á gbọ́ ibi tí wọ́n ti gé e, bí ìgbà tí ẹnìkan pa jẹnẹrétọ̀ tó sì tún tàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fi voice note WhatsApp ṣe é, ó máa ń fún ohùn pọ̀. Rekọ́dà fóònù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bíi Document.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè gbé irú ẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ère òkúta kan, ní ẹ̀ka èdè Igbómìnà, fún àlejò tó máa fi fóònù gbọ́ ọ bó ṣe ń rìn. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn alábòójútó ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Máàkì wá ń kọ́? Bó bá jẹ́ 30, ẹ fi 5 fún ètò lọ́sẹ̀ kejì, 12 fún ohun tí wọ́n kó jọ láìtíì tún un ṣe, 8 fún iṣẹ́ tó parí, 5 fún ìpè ìṣẹ́jú 3 tí olùkọ́ á ti béèrè lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gé ibí yìí?" Ẹni tí ẹlòmíràn bá ṣe é fún, tàbí tó ní kí ChatGPT kọ ọ́, níbẹ̀ ni á ti dákẹ́. Bí gbogbo máàkì bá lọ sórí iṣẹ́ tó parí, ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tó dára ni á máa borí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló nílò èyí o. Kálkúlọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́, ẹ fún wọn ní ìbéèrè 20, kí wọ́n ṣe é lórí ìwé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ìmọ́lẹ̀.