"Atẹ́gùn ńkọ́?"

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Nínú àròkọ mi àkọ́kọ́ lórí Íjíbítì àtijọ́, mo ya máàpù, mo fi Íjíbítì Òkè sí àríwá. Bẹ́ẹ̀, gúúsù ló wà! Gúúsù ni odò Náílì ti ń ṣàn bọ̀ kó tó wọ òkun ní àríwá. Òkè odò ni wọ́n ń wí, kì í ṣe òkè ìwé. Olùkọ́ mi fa ìlà pupa sí i, ó wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Atẹ́gùn ńkọ́?"

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí ìdáhùn. Omi ń ṣàn lọ sí àríwá, atẹ́gùn ibẹ̀ sì sábà máa ń fẹ́ láti àríwá wá. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ á jẹ́ kí omi gbé òun lọ, ẹni tó ń gòkè á ta ìgbòkun. Kódà nínú ìkọ̀wé wọn, àwòrán ọkọ̀ tó ta ìgbòkun ni wọ́n fi ń kọ ìrìn-àjò sí gúúsù. Odò yìí náà ló gbé òkúta líle láti Aswan ní gúúsù dé Giza, níbi tí àwọn pírámídì wà ní àríwá, nǹkan bí 800 kìlómítà. Etí odò sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú wọn wà, tí ọkọ̀ ọba lè dé. Mi ò rò pé ọba kan ì bá lè kó gbogbo ilẹ̀ náà jọ ní nǹkan bí 3100 ṣáájú ìbí Krístì láìsí ọ̀nà yìí.

Ti ilẹ̀ ọlọ́ràá, ẹ ti mọ̀ ọ́n: òjò orí òkè Etiópíà tó ń mú kí odò kún lọ́dọọdún nígbà náà, ẹrẹ̀ dúdú tí omi máa ń fi sílẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n sọ ilẹ̀ wọn, Kemet, ilẹ̀ dúdú. Ohun tí èmi fò dá ni ìwọ̀n omi. Òkúta kan tó wà ní Palermo, ní Ítálì, ṣì gbé àkọsílẹ̀ bí omi ṣe ga tó lọ́dọọdún láyé àwọn ọba àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ gíga omi ti lè fojú díwọ̀n ìkórè, á sì mọ iye ọkà tí òun máa gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. (Irúgbìn kò tíì hù, agbowó orí ti ń ṣírò!)

Bí ẹ bá dé nǹkan bí 2200 ṣáájú ìbí Krístì, nígbà tí ìjọba náà tú ká, ẹ ó rí àwọn tó di gbogbo ẹ̀bi ru odò tí kò kún. Ẹ wo àwọn gómìnà agbègbè náà dáadáa. Wọ́n ti ń fi oyè jogún fún ọmọ wọn, wọ́n sì ti ń kọ́ ibojì ńláńlá sí ìlú tiwọn dípò ẹ̀gbẹ́ ibojì ọba: agbára ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọba.