Nọ́ńbà fóònù tó sọ òdo rẹ̀ nù

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti jókòó ti dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, àwọn kan tó ń ta àdìrẹ níbí l'Abẹ́òkúta, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, wọ́n ní òmíì ní Pánṣẹ́kẹ́, wọ́n wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sójú kan nínú data warehouse, ìyẹn ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń kó dátà láti ibi púpọ̀ jọ sí, kí ọ̀gá lè máa rí ẹni tó ń rajà jù.

Kíkó jọ ò le rárá, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló le. Alhaja kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́, "Alhaja", "Alaja", "Iya Alaja", nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ní Ìtòkú pé 11, ti Pánṣẹ́kẹ́ jẹ́ 10 torí Excel ti gé òdo iwájú dànù, ó rò pé iye tí èèyàn fẹ́ ṣírò ni. Ẹnì kan wá di mẹ́ta.

Déètì ńkọ́? 03/04, oṣù kẹrin ni níbì kan, níbòmíì kọ̀ǹpútà wọn ń kà á bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù kẹta.

Mo lè tún un ṣe lọ́dọ̀ mi, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí, nítorí lọ́la á tún bàjẹ́. Mo bá lọ bá ọmọbìnrin tó ń tẹ dátà náà sínú Excel ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé ẹnì kan ń ka nǹkan tí mò ń tẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. A jọ yí ibi nọ́ńbà sí text, kí Excel lè kà á bí ọ̀rọ̀, kó má kà á sí iye mọ́, ó tẹ ọ̀kan, òdo dúró, ó rẹ́rìn-ín.