Mọ́nítọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Kò Lajú Tán

Sátidé, àárọ̀

Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ìkẹjà ti dé orí tábìlì. 1920x1080 (iye ẹyọ àwòrán ní ìbú àti ní òòró) ló yẹ kó máa gbé. Mo fa wáyà VGA kan tó ti pẹ́ nínú àpò wáyà mi yọ, mo fi so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ThinkPad T430 tí mo fi Linux Mint (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sí lóṣù tó kọjá. Àwòrán yọ lóòótọ́, àmọ́ 1024x768 ni, ó wá fẹ̀ kó lè kún ojú mọ́nítọ̀. Àbúrò mi tó fẹ́ wo fídíò ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe bàbá yìí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ rí báyìí?" Ó dà bí ẹni tí oyin ta.

Mo tẹ `xrandr`, àṣẹ tó ń ṣètò bí àwòrán ṣe ń jáde. Ó ní òun rí VGA-1, àmọ́ kò sí ohun tó ju 1024x768 lọ lábẹ́ rẹ̀.

Sátidé, ọ̀sán

Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ 1920x1080, màá kọ́ ọ. Àṣẹ `cvt 1920 1080 60` bá mi ṣírò Modeline, ìyẹn ìlà nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòrán ṣe máa jáde:

`173.00 1920 2048 2248 2576 1080 1083 1088 1120 -hsync +vsync`

2576 yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. 1920 péré lojú ń rí nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láyé tẹlifíṣàn onídìí ńlá, kí iná tó ń ya àwòrán lè ráyè padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà. Pẹlẹbẹ ni mọ́nítọ̀ tèmi, kò sí iná kankan tó ń padà síbì kan, síbẹ̀ à ń san owó orí rẹ̀ títí dòní.

Mo fi `--newmode` àti `--addmode` ti `xrandr` kọ́ ọ. Ó dá mi lóhùn pé "output VGA1 not found". Inú ìwé tí mo kọ nǹkan sí látijọ́ ni mo ti da orúkọ náà kọ. VGA-1 ló ń jẹ́ báyìí, pẹ̀lú àmì kékeré láàárín. Mo tún un tẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì là.

Sátidé, alẹ́

NEPA mú iná. Bátìrì T430 ti kú tipẹ́, nítorí náà òun náà bá iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá tún ti wú. `xrandr` kì í rántí nǹkan kan. Mo kó gbogbo àṣẹ náà sínú `~/.xprofile`, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú

Ojú ibi tí mo ti ń tẹ password ṣì wà ní 1024x768, torí ẹ̀yìn tí mo bá wọlé tán ni `.xprofile` ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè fi í sílẹ̀. Mo kọ fáìlì kan sínú `/etc/X11/xorg.conf.d`, níbi tí ètò àwòrán ti ń ka ìlànà kí n tó wọlé, mo tan ẹ̀rọ padà. Òkùnkùn biribiri, lórí mọ́nítọ̀ àti lórí T430 fúnra rẹ̀.

Ctrl+Alt+F3, tó ń ṣí ojú ìwé àṣẹ tí kò ní àwòrán, ló yọ mí. Mo ka `/var/log/Xorg.0.log` dé ìsàlẹ̀: mi ò kọ EndSection síparí fáìlì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Mo kọ ọ́, mo tẹ `sudo systemctl restart lightdm` láti tún ojú ìwọlé gbé dìde, gbogbo ẹ̀ bọ́ sípò.

Ìṣẹ́gun

Mò ń palẹ̀ tábìlì mọ́ ni mo yọ wáyà náà, mo wo ẹnu rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ ẹnu VGA, márùn-ún márùn-ún. Ìlà ìsàlẹ̀ tèmi ní mẹ́ta péré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù: abẹ́rẹ́ 12 àti 15 ni kò sí. Orí méjèèjì yẹn gan-an ni mọ́nítọ̀ ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà irú ẹni tóun jẹ́ àti bí ojú òun ṣe tó, ìyẹn EDID. Kò sí ẹni tó gé abẹ́rẹ́ náà o, bí wọ́n ṣe ṣe wáyà olówó pọ́ọ́kú yìí nìyẹn.

Mo so ó padà, mo tẹ `wc -c /sys/class/drm/card0-VGA-1/edid` láti ka iye báìtì EDID tó wọlé. 0. Mo lọ yá wáyà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé lọ́wọ́ aládùúgbò, mo tún un tẹ̀: 128.

Mo pa fáìlì inú `xorg.conf.d` rẹ́, mo pa `.xprofile` náà rẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko! Mo tan ẹ̀rọ, 1920x1080 yọ fúnra rẹ̀ láti ojú password. Àwòrán kàn yẹ̀ sápá òsì díẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì AUTO lára mọ́nítọ̀, ó sún padà sí àárín.