Ẹ má dúró kí ikùn yọ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ẹ òkun o, ẹ̀yin aboyún ilé wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í tètè sọ̀rọ̀ oyún síta, ó sì nídìí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò sí lára àwọn tí à ń fi oyún pamọ́ fún. Ẹ lọ bá a kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12.

Oyún máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn la ti ń kà á. Ẹ fi ọjọ́ 7 kún un, kí ẹ yọ oṣù 3: bó bá jẹ́ 10 oṣù Kẹta, ìkúnlẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 17 oṣù Kejìlá. Kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé, ìṣẹ̀dá ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti lọ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ máa lo fítámì tí wọ́n ń pè ní folic acid, 0.4 mg lójoojúmọ́, kódà kí oyún tó dúró. Ẹ tún máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn iron. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú, kò léwu. Ẹ má ṣáà fi tíì gbé e mì, torí tíì kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa.

Láti ọ̀sẹ̀ 13 ni oògùn ibà aboyún, SP, ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ibà a máa sá pamọ́ sínú ibi ọmọ: ara ìyá lè má gbóná rárá, síbẹ̀ ọmọ ò ní rí oúnjẹ gbà tó, wọ́n á sì bí i ní kékeré. Tábúlẹ́ẹ̀tì 3 ni, ẹ̀ẹ̀kan náà, lójú nọ́ọ̀sì. Bí oṣù kan bá kọjá, ẹ tún lò ó, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó bímọ. Àwọn kan ń gbé e relé, wọ́n ń lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Folic acid 5 mg náà máa ń sọ SP di aláìlágbára, nítorí náà ẹ ka ohun tó wà lára páálí. Ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò Septrin kò gbọdọ̀ fi SP kún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ ìtọ̀ sì kúrò ní pupa rúsúrúsú, tó di àwọ̀ ewé, gìrì aboyún lè wà lọ́nà. Ẹ má kọ̀ láti tọ̀ sínú ìgò yẹn.

Orí fífọ́ burúkú, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ wíwú, ẹ̀jẹ̀ dídà, omi tó ya, ọmọ tí kò yí mọ́: ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, bí òru bá tilẹ̀ ti lọ. Ẹ ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 36, kí káàdì yín sì wà nínú báàgì.